Bí A Ti Í Kọ́ Ẹni Tí Yóò Darí Eré Àgbà

Láàárín àwa Yorùbá, àgbà ni í pe ọmọdé sí eré. Àgbà ni í jókòó sí ìdí ọpọ́n ayò lábẹ́ igi, tí í máa fi ọ̀pẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́; àgbà ni í pàlọ́ fún ọmọ ilé bí ilẹ̀ bá ṣú. Nítorí náà, nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé iṣẹ́ tí mo wá kọ́ ní Chicago ni bí a ti í darí eré fún àwọn arúgbó tí ń gbé ilé ìtọ́jú, ó bi mí léèrè bóyá kò sí iṣẹ́ mìíràn ní ìlú Òyìnbó. N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni, ó sì ní ìtàn. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń ṣe ìtọ́jú arúgbó ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba kò kéré níye. Ó yẹ kí á mọ ibi tí ohun tí a ń kọ́ wa ti ṣẹ̀.

Kò ti ọ̀dọ̀ arúgbó ṣẹ̀ rárá. Ọ̀dọ̀ ọmọdé ni. Ní ọdún 1889, obìnrin méjì, Jane Addams àti Ellen Gates Starr, dá ilé kan tí à ń pè ní Hull-House sílẹ̀ ní Chicago, ní àdúgbò tí àwọn àlejò láti Ítálì, Gíríìsì, Rọ́ṣíà àti ilẹ̀ mìíràn kún fọ́fọ́. Ní ìlú yìí kan náà ni Neva Boyd, ọmọ Iowa tí a bí ní 1876, ti dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní 1911 fún àwọn tí yóò máa darí eré ọmọdé ní pápá ìṣeré. Ní 1921 ó bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀kọ́ náà ní Hull-House. Ọdún kan gbáko ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò: eré ẹgbẹ́, ijó, ìdárayá, eré ìtàgé, àti ìmọ̀ nípa ìṣòro àwùjọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ọdún kan ni ènìyàn fi ń kọ́ eré lè rẹ́rìn-ín. Kí ó pe ogún àjèjì tí kò gbọ́ èdè ara wọn jọ ná, kí ó ní kí wọ́n ṣeré, kí á wò ó. Ní 1927 ẹ̀kọ́ náà lọ sí Northwestern University, Boyd sì ń kọ́ni níbẹ̀ títí di 1941.

Ohun tí Boyd rí ni pé eré kò ní ọ̀gá. Bí ẹni méjì bá jókòó ti ọpọ́n ayò, ọmọ ayò 48 náà ni olówó àti tálákà jọ ń ta. Òfin eré ni ó ń ṣàkóso wọn, kì í ṣe ẹni tí ó gbé ọpọ́n wá. (Àpẹẹrẹ tèmi ni ayò o, Boyd kò sọ̀rọ̀ ayò.) Iṣẹ́ olùdarí ni kí ó to eré náà, kí ó là á yé wọn, kí ó sì yẹra fún wọn. Boyd mú ìmọ̀ yìí kọjá ọ̀dọ̀ ọmọdé, ó lò ó fún àwọn tí ń gba ìtọ́jú ọpọlọ ní ìpínlẹ̀ Illinois.

Ó pẹ́ kí ó tó kan àgbà. Ní New York, àwọn òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ìlú ṣàkíyèsí pé àwọn arúgbó kan ń wá àwáwí láti yà sí ọ́fíìsì wọn, kí wọ́n sáà lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ní 1943 ni a ṣí Hodson Center fún irú wọn ní Bronx. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè rìn dé ibẹ̀ ni èyí ràn lọ́wọ́. Nígbà tí òfin Medicare àti Medicaid jáde ní 1965, tí owó ìjọba ń wọ ilé ìtọ́jú arúgbó, irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. A ń bọ́ wọn, a ń wẹ̀ wọ́n, a ń fún wọn lóògùn. Lẹ́yìn náà, ní ibi púpọ̀, a tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Níbi tí eré bá sì wà, ìwà pápá ọmọdé a máa bá a wọlé: ẹni tí ó ti kọ́lé, tí ó ti tọ́ ọmọ mẹ́fà dàgbà, ni a ń gbé àwòrán ọmọdé fún pé kí ó kùn ún lọ́dà. Ní tèmi, ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti ṣẹ̀ ni àléébù rẹ̀ ti wá.

Ní 1976, Ellen Langer àti Judith Rodin kọ̀wé nípa ilé ìtọ́jú kan ní Connecticut. Wọ́n mú àjà méjì nínú ilé náà. Wọ́n sọ fún àwọn ará àjà kan pé ọwọ́ wọn ni bí wọn yóò ti lo ọjọ́ wọn wà. Ẹni tí ó bá fẹ́, kí ó mú òdòdó inú ìkòkò kan, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn ará àjà kejì gba òdòdó bákan náà, ṣùgbọ́n a sọ fún wọn pé nọ́ọ̀sì ni yóò máa bomi rin ín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara àwọn ti àkọ́kọ́ yá gágá ju ti ìkejì lọ. Lẹ́yìn oṣù 18, nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ti kú nínú wọn. Ti ìkejì tó 30. Àwọn tí a kà kò tó ọgọ́rùn-ún ènìyàn, nítorí náà n kò ní fi iye ikú yìí búra. Òdòdó kan náà ni ṣá. Ẹni tí ń bu omi ni ó yàtọ̀.

Òfin ni ó wá fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ní December 1987, Ààrẹ Reagan fọwọ́ sí òfin tí ó tún ètò ilé ìtọ́jú arúgbó ṣe, a sì bẹ̀rẹ̀ sí lò ó ní October 1990. Ó ní ilé tí ń gba owó Medicare tàbí Medicaid gbọ́dọ̀ ní ètò ìdárayá tí ó bá ìfẹ́ olúkúlùkù mu, kí ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ sì máa darí rẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹni tí ń wá ìwé ẹ̀rí NCTRC, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1981, ní láti gba oyè yunifásítì, kí ó fi wákàtí 560 kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, kí ó sì yege ìdánwò. Ẹlòmíràn a ka ẹ̀kọ́ tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ fọwọ́ sí. Èyí ni èmi gbà wọlé, nítorí kò gùn.

Nínú gbogbo ohun tí a kọ́ wa, ìwé ìbéèrè kan tí ìjọba àpapọ̀ ń lò láti 2010 ni ó wọ̀ mí lára jù. Ìbéèrè mẹ́jọ ni. Báwo ni ó ti ṣe pàtàkì sí yín tó láti ní ìwé kíkà? Láti gbọ́ orin tí ẹ fẹ́ràn? Láti wà nítòsí ẹran ọ̀sìn? Láti gbọ́ ìròyìn? Láti bá ẹgbẹ́ ṣe nǹkan? Láti ṣe ohun tí ẹ yàn láàyò? Láti jáde gba atẹ́gùn bí ojú ọjọ́ bá dára? Láti lọ sí ìsìn? Ìdáhùn kìíní ni pé ó ṣe pàtàkì gan-an. Ìkẹrin, kò ṣe pàtàkì rárá. Ìkarùn-ún ni kí ẹ gbọ́: ó ṣe pàtàkì sí mi, ṣùgbọ́n n kò lè ṣe é, tàbí a kò fún mi láàyè. Olùkọ́ wa ní ibi ìkarùn-ún yìí ni iṣẹ́ wa wà.

Ní ilé tí mo ti kọ́ṣẹ́, màmá kan mú ìkarùn-ún lórí jíjáde síta. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kì í fẹ́ bá ẹgbẹ́ ṣeré, nítorí kì í wá sí bíńgò. Mo jókòó tì í, mo bi í. Aago mẹ́ta ni oòrùn ń dé ọgbà ilé náà; aago mẹ́ta kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, tí kì í sí ẹni tí yóò ti àga onítáyà rẹ̀. Kò sí eré kankan tí a kọ́ mi tí ó lè wo èyí sàn. Mo lọ bá ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ó gbà pé kí n máa tì í jáde ní aago méjì ààbọ̀, kí àwọn tí ó bá gba iṣẹ́ mú un wọlé. Ní ọjọ́ kìíní, mo ti di káàdì sápò, mo rò pé a óò ta á. Màmá ní kí n jókòó, ó nawọ́ sókè sí orí igi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí dárúkọ àwọn ẹyẹ fún mi.