Sìkútà, fẹ́sípà, zémidjan: kí là ń pè é gan-an?

Ọ̀kan nínú wa níbí ní kí àbúrò òun tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bá òun ra sìkútà. Ẹrù dé, a tú u. Èyí tí ọmọdé ń fi ẹsẹ̀ kan tì kiri ni, tí àwọn Faransé ń pè ní trottinette! Àwa kan ti sọ pé owó tó fi ránṣẹ́ kéré fún máṣíìnì, ṣùgbọ́n ta ló gbọ́? Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi nínú wọn. Lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, méjèèjì ló ń jẹ́ scooter. Nínú èdè Faransé tí wọ́n fi kọ́ wa níléèwé, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì ni.

Ẹni tó bá sáré fìrì kúrò níbì kan ni Gẹ̀ẹ́sì ń sọ pé ó "scoot". Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Èyí tí àwọn bàbá wa mọ̀ dé lẹ́yìn ogun Hitler. Ní 1946, ilé iṣẹ́ Piaggio ní Ítálì gbé Vespa jáde. Corradino D'Ascanio, onímọ̀ bàálù, ló ya àwòrán rẹ̀. Agbọ́n ni Vespa túmọ̀ sí. Lambretta tẹ̀lé e ní 1947. Ní Nàìjíríà, fẹ́sípà di orúkọ gbogbo irú rẹ̀, ó sì bá tíṣà àti akọ̀wé lára mu, torí ẹni tó wọ aṣọ ńlá lè jókòó sí i láìgbé ẹsẹ̀ sókè. Lọ́dọ̀ tiwa, Mobylette àwọn Faransé la mọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ ni kẹ̀kẹ́. Àwọn Fọ̀n náà ń sọ kɛkɛ, wọ́n sì ń pe èyí tó ní ẹ́ńjìnnì ní zokɛkɛ, ìyẹn kẹ̀kẹ́ iná. Ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá: kẹ̀kẹ́ iná náà ló wá fún Èlíjà. Ẹ jẹ́ ká rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Zémidjan kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ní tirẹ̀. Fọ̀n ni: "gbé mi kíákíá." Nígbà tí àwọn báńkì dojú dé lápá ìparí 1980 sí 1989, tí ìjọba Kérékou kò rówó oṣù san, ọ̀pọ̀ tíṣà àti ọmọ yunifásítì ló gun máṣíìnì kí ọmọ wọn lè jẹun. Àpérò orílẹ̀-èdè February 1990 ò tíì wáyé nígbà náà. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn wá bí ẹnìkan bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà Parakou tó pariwo "Zém!" sí bàbá olórí ewú, láìkí i.

Nílùú Tógò, oléyia ni, Éwé tó túmọ̀ sí "ṣé ò ń lọ?" Ní Nàìjíríà, ọ̀kadà ti wá láti ara Okada Air, ilé iṣẹ́ bàálù Gabriel Igbinedion, tí òun náà gba orúkọ ìlú Okada ní Ẹdó. Ní Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà, boda boda ni: bodè sí bodè! Ẹ ò rí i pé orúkọ tiwa gan-an nìyẹn, àwọn ló gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Nígbà tí Èkó fòfin dé ọ̀kadà lọ́pọ̀ àdúgbò ní February 1, 2020, àwọn ọmọ wa kan tó ń gùn ún níbẹ̀ padà wálé, wọ́n sì di zém. Ìgbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, owó kpayo inú ìgò fò sókè, àwọn yìí kan náà ló kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Ní báyìí, èyí tó ń lo bátìrì ti ń rìn ní Kútọnu. Alùpùpù gba orúkọ lára ariwo tó ń pa. Eléyìí kì í pariwo. Ẹ̀yin àgbà Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ̀yin ará Kétu, kí la ó máa pè é?