Dísíìkì Tòkunbọ̀ Lójú Ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀

Ọ̀pọ̀ háàdì dísíìkì tí àwọn èèyàn ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta l'Ékòó ló ti kọ́kọ́ sìn nínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà, kó tó wọkọ̀ ojú omi wá sí Àpápá, Tin Can tàbí Kútọ̀nú. Sẹ̀mẹ̀, níbi tí Nàìjíríà ti pàdé Kraké ti Bẹ̀nẹ̀ létí òkun Àgbádárìgì, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára ọ̀nà tí ẹrù Kútọ̀nú ń gbà wọlé. Láti ibẹ̀, ọ̀nà márosẹ̀ gba Ọ̀jọ́, ibi tí ọjà Alábà wà, wọ ìgboro.

Kọ̀ǹpútà kì í sábà dá rin ìrìn àjò náà. Ìwádìí tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Àdéhùn Basel lórí ẹ̀gbin eléwu tó wà n'Íbàdàn ṣe ní 2015 sí 2016 fi hàn pé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 60,000 ẹ̀rọ oníná àlòkù ló ń gba èbúté Èkó wọlé lọ́dún, inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n sì kó nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá rẹ̀ sí. Ti èbúté Èkó nìkan nìyẹn.

Ní 1956, kò sẹ́ni tó lè rò pé dísíìkì á wọ àpò. Ọdún yẹn ni IBM gbé RAMAC jáde: àwo 50, tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, nínú ẹ̀rọ tó wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Kò gbà ju megabyte márùn-ún lọ, ìyẹn orin MP3 kan ṣoṣo. Ní 1983, Rodime ti Scotland mú dísíìkì oní-íǹṣì mẹ́ta àbọ̀ jáde. Ní 1988, PrairieTek ti Amẹ́ríkà sọ ọ́ di íǹṣì méjì àbọ̀, èyí tí láàpútọ́ọ̀pù gbà lò.

USB ló wá sọ síso dísíìkì mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta di iṣẹ́ ọwọ́. USB 2.0 tó dé ní 2000 yára tó láti kó fíìmù, wáyà kan náà ló sì ń gbé iná fún dísíìkì kékeré. Ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì ń fẹ́ fóòtì 12, èyí tí USB 2.0 kò ní, nítorí náà ó ń fẹ́ adáptà tirẹ̀. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹni tó bá ń kó fọ́tò oníbàárà sórí dísíìkì mọ ìdí tí kékeré fi dára jù.

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, òpópónà Otigba n'Íkẹjà, tó jẹ́ àdúgbò ilé gbígbé, ń di ọjà tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Computer Village. Àwọn ẹnjiníà ibẹ̀ (orúkọ náà tọ́ sí wọn) mọ̀ pé láàpútọ́ọ̀pù tí ojú rẹ̀ fọ́ tàbí tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ jó kò tíì kú tán. Wọ́n á tú ìdè abẹ́ rẹ̀, wọ́n á rọra fa dísíìkì yọ, wọ́n á wo ẹnu rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bá tò sí i, IDE ni. Bó bá jẹ́ ẹnu pẹlẹbẹ méjì, SATA tó dé ní 2003 ni, kéésì (àpótí kékeré tó ń so dísíìkì mọ́ wáyà USB) tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan kì í sì í sábà gba èkejì. Wọ́n á tì í bọ kéésì, wọ́n á ki wáyà bọ kọ̀ǹpútà, wọ́n á wá dẹtí. Bó bá ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, ó ti ń kú lọ, ẹnjiníà gidi kò ní tà á. Bó bá ń yí jẹ́jẹ́, kọ̀ǹpútà lè béèrè bóyá kí òun "format" rẹ̀. Ẹni tó bá yára dáhùn bẹ́ẹ̀ ni lè pàdánù fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀.

Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ nínú dísíìkì ló yẹ kó kan wá jù. Ní 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà kó háàdì dísíìkì l'Ékòó, wọ́n sì bá àkọsílẹ̀ àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Ètò tẹlifíṣọ̀n kan tó jáde ní 2009 fi hàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìròyìn láti Kánádà ra dísíìkì ní Tema, ní Gánà, wọ́n sì rí ìwé àdéhùn Northrop Grumman, tó ń ṣe ohun ìjà fún Amẹ́ríkà. Ẹni tó pa fáìlì rẹ́ kò tíì nu àwo. Orúkọ fáìlì ló yọ kúrò, ohun inú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí nǹkan mìíràn yóò fi gorí rẹ̀. Nàìjíríà ṣe ìlànà lórí ẹ̀rọ oníná ní 2011, ó sì ṣe òfin ààbò dátà ní 2023, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta láàpútọ́ọ̀pù tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní kí wọ́n nu dísíìkì rẹ̀ dáadáa.

Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ tí irú ẹrù yìí ń gbà wọlé náà kò dúró sójú kan. Ní January 2017, ìjọba fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé. Ní October 2018, Ààrẹ Buhari ti Nàìjíríà àti Ààrẹ Talon ti Bẹ̀nẹ̀ ṣí ibùdó àjùmọ̀lò Sẹ̀mẹ̀-Kraké. Kò pé ọdún kan tí Nàìjíríà fi ti ẹnubodè pa, ní August 2019, ó di December 2020 kí wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà.

Àmọ́ inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni ewu iṣẹ́ yìí ti ń bọ̀ báyìí. Nínú ọ̀pọ̀ MacBook tó jáde láti 2016, wọ́n ti jó ibi ìpamọ́ mọ́ bọ́ọ̀dù. Bí bọ́ọ̀dù bá kú, kò sí ohun tí ẹnjiníà lè fà yọ. Ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù mìíràn ṣì ń lo M.2, ibi ìpamọ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ṣeé yọ, kéésì tirẹ̀ sì ti wà lọ́jà. Kí ẹnjiníà tó mú kéésì, yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá irú SATA ni tàbí irú NVMe, torí ìrísí wọn jọra, èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan kì í sì í sábà gba èkejì.