Àwọn Ọmọ Wa tí Ó Lọ sí Ogun Bọ́mà, àti Ohun tí Wọn Kò Sọ Fún Wa

Títí di òní, bí àgbàlagbà kan ní Òde-Ayé bá fẹ́ sọ ọjọ́ orí ẹni tí kò ní ìwé ìbí, yóò wí pé, "Ìgbà ogun Hítílà ni a bí i." Ọ̀rọ̀ náà rọrùn lẹ́nu, bí ẹni pé òjò ńlá kan ni ó rọ̀ ní ọdún kan tí ó sì dá. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wà nínú òjò náà. Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, nílé àti ní ìdálẹ̀, ìgboyà àwọn bàbá wọ̀nyí nìkan ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Bí àwọn ọ̀gá wọn ṣe lò wọ́n kò sí nínú ìtàn tí a ń sọ.

Royal West African Frontier Force ni orúkọ ẹgbẹ́ ogun tí wọ́n wọ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó dá a sílẹ̀ ní 1897, Lugard sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ ogun náà ní òkè, ó sì ní ìsàlẹ̀: òyìnbó wà lókè, ènìyàn dúdú wà nísàlẹ̀. Òyìnbó ni àwọn ọ̀gágun. Àwọn ságẹ́ńtì òyìnbó wà pẹ̀lú, èyí tí ó sì kéré jù nínú wọn ní àṣẹ lórí ságẹ́ńtì dúdú tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jù ú lọ. Kí ogun náà tó dé, ẹsẹ̀ lásán ni àwọn ọmọ ogun wa fi ń yan. Òfin Gẹ̀ẹ́sì wí pé ẹni tí ìran rẹ̀ jẹ́ ti Yúróòpù pọ́ńbélé nìkan ni ó lè jẹ ọ̀gágun. Ní October 1939 ni wọ́n tó gbé òfin náà tì sí ẹ̀gbẹ́ kan nítorí ogun. Síbẹ̀, ó di 1942 kí Seth Anthony, ará Gold Coast tí ó ti ṣe olùkọ́ rí (orí ẹlẹgbẹ́ mi wú mi), tó jẹ ọ̀gágun, òun sì ni ẹni dúdú àkọ́kọ́ tí ó jẹ ẹ́ nínú ẹgbẹ́ ogun náà. Nàìjíríà dúró di 1948 kí ó tó kan Ugboma.

Ní February 1941, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà gba Mogadishu lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì. Lẹ́yìn èyí ni a ko àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Íńdíà ní ẹgbẹ́ ogun ńlá méjì, Division 81 ní 1943 àti Division 82 ní 1944, láti bá àwọn ará Jàpáàní jà ní Bọ́mà. Orí òkè àti inú igbó ni iṣẹ́ wọn. Kí Division 81 tó lè wọ àfonífojì odò Kaladan, ọwọ́ ni wọ́n fi la ọ̀nà tí ó gùn tó máìlì 75, tí a sọ ní West African Way. Níbi tí ọ̀nà sì pin sí, orí ni wọ́n fi ru ẹrù ogun. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: ní apá àríwá Bọ́mà kan náà, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ ènìyàn dúdú ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí Amẹ́ríkà fi la ọ̀nà Ledo. Ẹgbẹ́ ogun tiwọn náà ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, ó sì di July 1948 kí Ààrẹ Truman tó pàṣẹ pé kí ó dópin. Dódan tí a fi sọ bárékè ní Ìkòyí, níbi tí àwọn ológun ti ṣe ìjọba lé wa lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibi kan ní Bọ́mà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Arakan tí ó wà ní Àpápá.

Àbúrò bàbá-bàbá mi wà lára àwọn tí ó lọ. Awakọ̀ ni. Nígbà tí a wà ní ọmọdé, a máa sọ fún wa nípa eṣúṣú tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ní ẹsẹ̀, àti bí àwọn ará Jàpáàní ṣe ń pariwo nínú òkùnkùn kí àwọn ọmọ ogun wa lè yìnbọn, kí wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ba sí. A máa fara wé igbe náà, àwa a sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí a sin ín ni ìyàwó rẹ̀ tó sọ fún ẹbí pé àpá pàṣán wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìbàdí.

Ìyá àgbà wí pé ní Íńdíà ni, kí wọ́n tó dé ojú ìjà rárá. Ságẹ́ńtì òyìnbó kan tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí pè é ní ọ̀bọ. Ó dá a lóhùn. Wọ́n ní ó ṣe àfojúdi sí ọ̀gá. Wọ́n pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n tò wọ́n yíká, wọ́n sì nà án lójú wọn. Àwọn kan nínú ẹbí wí pé mẹ́fà ni, àwọn mìíràn wí pé méjìlá. Ìyá àgbà kò bìkítà fún iye. Ohun tí ó ń tún sọ ni pé ọmọ Nàìjíríà bíi tirẹ̀ ni wọ́n fi pàṣán náà lé lọ́wọ́.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀rọ̀ opó tí ó ń ṣọ̀fọ̀ ni. Ṣùgbọ́n òfin náà wà. Ní 1881 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòpin sí nína àwọn ọmọ ogun tiwọn. Nínú ẹgbẹ́ ogun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa, pàṣán wà títí di 1946. Ọdún 65 ni ó wà láàárín méjèèjì, àwọn ará Jàpáàní sì ti túúbá ní 1945.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan tí ó ti rú wa lójú tó yé wa. Bàbá kò gba pàṣán láàyè nínú ilé rẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ kan na ọmọ ilé wa kan, ó wọ bàtà rẹ̀, ó rìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá, kò sì sọ ohunkóhun títí a fi jáde ilé ẹ̀kọ́. A rò pé ó ń kẹ́ ọmọ ní àkẹ́jù ni. Èmi tí mo ti di olùkọ́ mọ bí pàṣán ṣe rọrùn láti mú, pàápàá ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹnìkan tí ó kọ ọ́ kò jìnnà sí wa: Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí ó wọṣẹ́ ológun ní 1942, a sì fi í sí ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Ní March 1944, létí odò Kaladan, àwọn ará Jàpáàní ká wọn mọ́. Ìbọn fọ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun àti David Kargbo, ará Sierra Leone, wà nínú igbó láìlè rìn. Àhesọ sì ti tàn ká ilẹ̀ náà pé àwọn ọmọ Áfíríkà a máa jẹ ènìyàn. Síbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ tí ó jẹ́ Mùsùlùmí gbé oúnjẹ wá fún wọn, ọ̀kan nínú wọn tí ń jẹ́ Shuyiman sì gbà wọ́n sí ilé rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ikú ni èrè rẹ̀ bí ọ̀tá bá mọ̀. December 1944 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó padà dé ibẹ̀. Fadoyebo tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1999. Akọ̀ròyìn Barnaby Phillips mú lẹ́tà ọpẹ́ rẹ̀ lọ sí Bọ́mà, ó sì rí àwọn ọmọ Shuyiman. Bàbá náà kú ní 2012. Nígbà tí mo ka ìtàn yìí, ohun tí ó ká mi lára jù ni pé ẹni tí kò gbọ́ èdè wọn, tí ó sì wà lábẹ́ ọ̀tá, ni ó gbà wọ́n bí ènìyàn.

Owó ìdágbére pẹ̀lú ní àwọ̀. Ní 2019, ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan nípa ẹgbẹ́ ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà hàn síta nínú ìròyìn: ṣílè mẹ́wàá fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí kúrúùtù òyìnbó fi sìn, ṣílè mẹ́ta àti ààbọ̀ fún ẹni dúdú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní Accra, ní ọjọ́ 28 February 1948, àwọn tí ó ti ogun dé ń lọ fi ẹ̀bẹ̀ wọn lé gómìnà lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó yìnbọn sí wọn. Ságẹ́ńtì Adjetey, Kọ́pùrà Attipoe àti Odartey Lamptey kú lójú pópó. Ní Thiaroye, lẹ́bàá Dakar, ní 1 December 1944, àwọn Faransé ti ṣe èyí tí ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ sí àwọn ọmọ ogun dúdú tiwọn tí ó ń bèèrè owó iṣẹ́ wọn.

Bàbá tiwa kò bèèrè nǹkan kan. Ìwé ìsanwó rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ikán ti jẹ etí rẹ̀ kan. Lẹ́tà NA ni ó ṣáájú nọ́ńbà àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà. Ẹ wo inú àpótí àwọn àgbà yín bóyá irú rẹ̀ wà níbẹ̀, kí ẹ sì fún akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní ẹ̀dà rẹ̀. Àwọn tí kò padà wálé, tí a kò mọ ibojì wọn, orúkọ wọn lè wà lára àwọn bí 27,000 tí a kọ sára òkúta ní Taukkyan, lẹ́yìn ìlú Rangoon. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ mọ íńtánẹ́ẹ̀tì lò lè wá wọn níbẹ̀, lórí ìwé àkọsílẹ̀ Commonwealth War Graves Commission, láìsan kọ́bọ̀. Ẹ kọ orúkọ náà ní oríṣiríṣi ọ̀nà bí ẹ ti ń wá a, nítorí pé bí ó ti dún ní etí akọ̀wé òyìnbó ni ó ṣe kọ ọ́.