Láfún inú abọ́ wa: ta ló yọ májèlé ẹ̀gẹ́?

Tí mo bá dé Mọ́níyà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, àmàlà láfún ni mo máa ń ní kí wọ́n bù fún mi ní bùkà, pẹ̀lú ewédú àti gbẹ̀gìrì. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé láti ayébáyé ni láfún ti wà. Rárá o. Iṣu tí wọ́n fi ń ṣe àmàlà dúdú ni ọmọ bíbí ilẹ̀ wa. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti wá. Àwọn oníṣòwò Pọtogí ló gbé e dé Áfíríkà láàárín 1500 sí 1600. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà ni tòmátò tí àwọn ará Ítálì fi ń se ọbẹ̀ ti wá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ ní májèlé sáyánáìdì nínú. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá wa fi ń bó o, tí wọ́n ń rẹ ẹ́ sómi fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, kí wọ́n tó sá a sóòrùn, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Sáyẹ́ǹsì nìyẹn, bí a ò tiẹ̀ mọ orúkọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbí.

Ní 1967, wọ́n dá IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ọ̀nà Mọ́níyà yìí kan náà. Han Sang-ki, ọmọ Kòríà, dé ibẹ̀ ní 1971, ó sì mú irú ẹ̀gẹ́ tó lè kojú àrùn jáde. Ó yẹ ká yìn ín. Àmọ́ tí ẹ bá ń bu òkèlè láfún, ẹ rántí àwọn obìnrin tí ìwé kò kọ orúkọ wọn.