Orúkọ Tó Di Àmì Ìbéèrè

Ní 2011, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jókòó sí yàrá kan ní Gbàgádà, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo níta, a ń kọ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Ohun tá a fẹ́ kò ju kí orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ àti oríkì agboolé kọ̀ọ̀kan wà lójú kan. Hosting tá a kọ́kọ́ rà ò wọ́n rárá. A gbé ojú ìwé wa síbẹ̀, ó ṣí. Ìgbà tá a wá fẹ́ kí àwọn èèyàn máa forúkọ sílẹ̀ fúnra wọn, ó kọ̀. Àṣé irú èyí tá a san owó fún, kò sí PHP níbẹ̀, kò sí database.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé Èkó ṣàlàyé. Hosting ni yàrá tí ẹ háyà nínú kọ̀ǹpútà onílé kan. Bó bá jẹ́ yàrá lásán, ẹ lè gbé àwòrán kọ́ ara ògiri; gbogbo ẹni tó bá yọjú, ohun kan náà ni wọ́n máa rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ máa se oúnjẹ fún àlejò kọ̀ọ̀kan, ẹ nílò ilé ìdáná àti àká. PHP ni ilé ìdáná, database ni àká.

Ọdún kan náà ni méjèèjì dé. Ní 1995, Rasmus Lerdorf, ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Greenland, gbé PHP síta. Ohun tó kọ́kọ́ ń wá ni bó ṣe máa mọ àwọn tó ń wo ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ lórí ayélujára. Ọdún yẹn náà ni Michael Widenius àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden bẹ̀rẹ̀ MySQL. My lorúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn onílé lè kó ọ̀pọ̀ ayálégbé sínú kọ̀ǹpútà kan kí owó sì wálẹ̀. Ìgbà tí WordPress dé ní 2003, ó ní òun ò lè gbé ilé tí kò bá ní méjèèjì.

A wá ilé míì. Ilẹ̀ òkèèrè ló wà, dọ́là ni wọ́n ń gbà, PayPal ò sì tíì gba àwa tá a wà ní Nàìjíríà láyè nígbà yẹn. 2014 ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n màmá wa tó ń gbé ní Peckham ló bá wa san án. PHP wà, MySQL wà, inú wa dùn.

Bàbá kan lágboolé wa ka oríkì fún wa lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ ní tààrà, kò kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tá a ṣí i wò, Adé ṣì ń jẹ́ Adé. Ọlá ti di ?lá. Ẹniọlá ti di ?ni?lá.

Ẹ wo ohun tó fà á. Ilé iṣẹ́ Sweden ló kọ́kọ́ ni MySQL, lẹ́tà àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù, tí wọ́n ń pè ní latin1, ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kódà, bí àwọn ará Sweden ṣe ń to a-b-d tiwọn ló fi ń to ọ̀rọ̀. Á wà nínú rẹ̀, torí àwọn kan ní Yúróòpù ń lò ó. Ẹ, Ọ, Ṣ ò sí. Lẹ́tà tí kò bá mọ̀, àmì ìbéèrè ló máa fi rọ́pò rẹ̀, kò sì ní rántí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó di 2018, nígbà tí MySQL 8.0 jáde, kí utf8mb4, tó gba lẹ́tà gbogbo ayé, tó di ìpìlẹ̀.

Nínú oríkì yẹn, a rí ??k??. Ṣé ẹ̀kọ́ ni? Àbí ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun? Àbí ọ̀kẹ́ owó? Bọ́ọ̀lì kan náà ni gbogbo wọn wọ̀. Ká tó padà pe Bàbá, wọ́n ti lọ. Àwọn tó kù lágboolé, kálukú ló ń sọ tiẹ̀.

Ẹ má rò pé àwa kéékèèké nìkan nirú ẹ̀ ń ṣe. Nairaland tí Seun Osewa dá sílẹ̀ ní 2005, inú database ni gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ń gbé. Ní June 2014, àwọn olè wọlé, wọ́n pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ̀dà tó wà níbòmíì ló gbà wọ́n, ṣùgbọ́n January ló dúró sí. Ohun tí àwọn èèyàn kọ fún bí oṣù márùn-ún lọ pátápátá.

Torí náà, kí ẹ tó háyà, ẹ bi onílé: PHP wo ló wà níbẹ̀, ṣé ẹ sì ń tún un ṣe? Ṣé utf8mb4 ni database yín? Ṣé mo lè gbé ẹ̀dà ẹrù mi kúrò níbẹ̀ fúnra mi, kí n fi pamọ́ síbòmíì? Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ dán an wò. Ẹ tẹ ọ̀kọ̀ sí i, kẹ́ ẹ ṣí i padà. Bó bá jáde bí ọ̀kọ̀, ẹ sanwó.