Afárá Èkó láti Apọ́ngbọ̀n dé Costain: Kíkọ́ rẹ̀ àti Ipò rẹ̀

Bí a bá dárúkọ afárá ní Èkó, ọ̀sà ni ọkàn olùgbọ́ sábà máa ń lọ sí. Èrò tí bébà yìí fẹ́ gbé kalẹ̀ yàtọ̀. Ní ti Afárá Èkó, tí ó gbéra ní Apọ́ngbọ̀n tí ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà Costain, apá tí ó wà lórí ilẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ wò dáadáa kí ipò rẹ̀ tó lè yé wa.

Láti 1901 ni Afárá Carter, tí a fi orúkọ Gómìnà Gilbert Carter pè, ti so Erékùṣù Èkó pọ̀ mọ́ Ìddó, kí èrò tó kọjá sí Èbúté Mẹ́tta. Lẹ́yìn òmìnira, ọ̀nà kan ṣoṣo yìí kò tó ìlú mọ́. Ní 1965, Julius Berger, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Jámánì, bẹ̀rẹ̀ Afárá Èkó. Òun sì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà. Ìpele ìpele ni wọ́n kọ́ ọ títí di 1975. Ó yẹ fún àkíyèsí pé ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé Gẹ̀ẹ́sì ni àdúgbò Costain ti gba orúkọ, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ilé-iṣẹ́ náà ni ó kọ́ afárá yìí.

Nǹkan bí 430 mítà ni apá orí ọ̀sà. Apá orí ilẹ̀ tó 1,350 mítà. Afárá tí ó bá gba orí ilẹ̀ kọjá a máa di òrùlé fún ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú ìlú tí ilẹ̀ ti wọ́n gógó, irú òrùlé bẹ́ẹ̀ kì í ṣófo: ọjà ni ó máa ń wọ ibẹ̀.

A kò sọ pé omi kò léwu. Iyọ̀ a máa mú kí irin inú kọnkéré dípẹtà, ẹrù ọkọ̀ a sì máa jẹ àwọn oríkèé afárá. Nítorí oríkèé wọ̀nyí ni wọ́n ṣe ti apá kan rẹ̀ ní 2020. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni èyí ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta 2022, iná jó ọjà tí ó wà lábẹ́ afárá ní Apọ́ngbọ̀n. Ooru rẹ̀ ba kọnkéré jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ fi ti ọ̀nà náà pa, tí wọ́n sì pàṣẹ kí àwọn oníṣòwò kó kúrò.

Ó rọrùn láti dá àwọn oníṣòwò náà lẹ́bi. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ojú gbogbo ènìyàn ni wọ́n ṣe ń pàtẹ. Ẹ̀yìn tí iná jó tán ni a rántí pé afárá wà lókè orí wọn. Bí a bá lé wọn láìpèsè ibòmíràn, wọn yóò padà, ewu náà yóò sì bá wọn padà. Àbá wa ni pé kí àwọn tí ń kọ ìtàn afárá má ṣe dúró sí ọjọ́ tí wọ́n ṣí i. Kí wọ́n kọ ìtàn abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú: ta ni ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ta ni ó gbowó lọ́wọ́ wọn, ta ni ó sì yẹ kí ó máa ṣọ́ ọ.