Abẹ́sàn-án, Ojúbọ Àkọ́kọ́ ní Àjàṣẹ́

Kí Tẹ̀ Àgbànlìn tó ti Àládà dé, kí àwọn Pọtogí tó sọ ìlú yìí ní Porto-Novo ní ọ̀rúndún 18, Yorùbá ti tẹ̀dó sí Akron. Àwọn àgbà ń pìtàn pé ọdẹ mẹ́ta, Obagadjou, Anata àti Akakro, rí ẹ̀dá kan tí ó ní orí mẹ́sàn-án tí ó jáde láti inú ilẹ̀. Òrìṣà ni wọ́n kà á sí, wọ́n sì ṣe ojúbọ fún un níbẹ̀. Ojúbọ náà wà ní Akron di òní. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ń gba ibẹ̀ kọjá láìmọ ìtàn rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ pè wọ́n jókòó lásìkò ọdún yìí. Ìtàn tí a kò sọ fọ́mọ, sàréè ló ń bá àgbà lọ.